Èlé Owó Ọ̀dà

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba jẹ ọkùnrin kan ní gbèsè, kó wo bí ọkùnrin náà ṣe ń jókòó. Ọlọ́dà kì í jókòó mọ́. Ìdí rẹ̀ á fẹ́ kan àga, á tún dìde, á lọ fi èékánná họ ògiri tí kò ṣe é ní nǹkan kan, á ní ẹni tó kun ògiri náà kò kọ́ṣẹ́ yanjú. Láti ọjọ́ tó ti kun gbogbo yàrá ilé ìwòsàn ìjọba tán, tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, tí wọ́n ní ó dára, ọdún kan ààbọ̀ ti kọjá, ara ọkùnrin yìí kò sì tíì balẹ̀ níbì kan. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá fi okùn so ó mọ́ àga, àga náà ni yóò máa rìn kiri ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, owó ọ̀dà wọlé. Ẹ má tíì bá a yọ̀. Owó náà kò sùn mọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá a lówó tó fi ra ọ̀dà, tó sì fi san owó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba owó wọn, wọ́n gba èyí tó kù nínú èlé, wọ́n ní ó kú iṣẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju owó búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dun Ọlọ́dà. Èlé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń san ní oṣooṣù kí owó ìjọba tó dé ló ń dùn ún, torí èlé náà ti gbé ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ mì.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni Ọlọ́dà ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń gún ni. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ: òdòdó, ewé, ẹyẹ, ohunkóhun tí oníbàárà bá fẹ́. Ẹ̀rọ náà ló ń bọ́ ilé ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí ilé tí Ọlọ́dà ń kùn. Nígbà tí àwọn alájẹṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ lálẹ́, Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn tà á. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ló rà á. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá fẹ́ òdòdó sára aṣọ, Abẹ́rẹ́ á ká aṣọ náà sí apá, á sọdá títì, á lọ sanwó fún ẹ̀rọ tó jẹ́ tirẹ̀ lánàá. Kò ráhùn rí. Ọlọ́dà ìbá fẹ́ kó ráhùn, kí òun náà lè rí nǹkan wí. Ó ti ṣèlérí fún un pé bí ìjọba bá san èlé tí òfin ní kí wọ́n san, ẹ̀rọ mìíràn ni àwọn yóò kọ́kọ́ fi rà.

Nítorí òfin wà o. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìṣúná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń tò sí, ní lẹ́tà gàdàgbà: ẹni tó bá mú ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ wá, láàárín oṣù kan ni wọ́n máa san án, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba á san èlé. Àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń ka ìwé náà láti fi pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ béèrè èlé lọ́wọ́ ìjọba ti gba iṣẹ́ àgbàkẹ́yìn nìyẹn. Ọlọ́dà náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Àmọ́ nígbà tó ro ti ẹ̀rọ náà títí, ó ní ẹ̀bìtì tí kò pa eku, ó yẹ kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ní ọjọ́rú, ó wọ aṣọ tí ọ̀dà kò ta sí, ó lọ.

Akọ̀wé tuntun ló bá ní fèrèsé, ọ̀dọ́bìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ọlọ́dà ti ń retí pé yóò fi òun rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ṣìnà rárá, sà," ni akọ̀wé wí. "Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ jẹ́ n kàn wo ọjọ́ tí ìwé yín dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó fa fáìlì kan yọ, ó wò ó, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Sà, oṣù tó kọjá ni òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé yín."

"Oṣù tó kọjá kẹ̀? Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti mú un wá!"

"Tí a bá wo ti òǹtẹ̀ yìí, a ò pẹ́. A tiẹ̀ tètè san án ni." Ojú ti akọ̀wé fúnra rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. "Ta ni ẹ fún ní fèrèsé?"

Ẹsẹ̀ Ọlọ́dà kan ti yí padà sí ọ̀nà àbájáde láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́.

"Kì í ṣe fèrèsé," ó wí. "Ẹnì kan ló gbà á lọ́wọ́ mi. Òṣìṣẹ́ ibí yìí náà ni."

"Ẹ lọ mú un wá. Tó bá ti jẹ́rìí sí ọjọ́ tó gbà á, tó buwọ́ lù ú, ó parí, ẹ máa gba èlé yín. Àmọ́ ẹ ṣe kíá o. Ọjọ́ Ẹtì la máa pa ìwé ìṣirò ọdún yìí dé. Tó bá fi lè kọjá ìgbà yẹn, mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ sì sọ òótọ́ fún un kó tó wá. Èlé tí ìjọba bá san torí pé òṣìṣẹ́ kan jókòó lé ìwé, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ náà la ti máa ń gbà á padà. Tó bá sì ti fẹ̀yìn tì, inú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ la ti máa yọ ọ́."

Ọlọ́dà dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi fèrèsé sílẹ̀, ó tún padà wá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, torí kò mọ ibi tí ì bá kọrí sí.

Ẹni tó gba ìwé náà kì í ṣe ẹlòmíràn ju àbúrò bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ. Bàbá Kékeré ni Abẹ́rẹ́ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́dà náà ṣe ń pè é. Nígbà tí bàbá Abẹ́rẹ́ kú, ọkùnrin yìí ló mú un sọ́dọ̀, òun ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló sanwó iṣẹ́ ìránṣọ tó kọ́, òun náà ló sì fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Òun ni akápò ọ́fíìsì náà fún ọgbọ̀n ọdún, títí tó fi fẹ̀yìn tì ní oṣù tó kọjá. Kò sí ẹni tó lè ní òun fún un ní ohunkóhun lábẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n ní bí ó bá bá pínnì kan nílẹ̀ ọ́fíìsì, á mú un padà sínú agolo rẹ̀.

Ẹ wá wo àṣìṣe tí Ọlọ́dà ṣe. Ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ìwé owó ọ̀dà ṣe tán, kò gbé e lọ sí fèrèsé. Ó gbé e lọ sí pálọ̀ Bàbá Kékeré lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á fún un. Bí àna ẹni bá jẹ́ akápò, ta ni yóò lọ tò sídìí fèrèsé bí ẹni tí kò lárá? Wọ́n á ní kò ka àna kún ni. Ṣé kó tún wá ní kí Bàbá Kékeré fún òun ní ìwé ẹ̀rí pé ó gbà á? Ṣé olè ni wọ́n pe Bàbá Kékeré ni? Bàbá Kékeré gba ìwé náà, ó ní, "Mo ti gbà á, fọkàn balẹ̀." Ọjọ́ náà ni ọkàn Ọlọ́dà balẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà tó máa fi dé ilé, Abẹ́rẹ́ ń ti òdìkejì títì bọ̀, ó gbé búláòsì oníbàárà kan dání tí wọ́n ti kó òdòdó pupa sí lọ́rùn.

"Kí ni wọ́n wí?" ó béèrè.

"Wọ́n ní wọ́n ń wò ó."

"Wọ́n ń wò ó bíi fíìmù?"

"Abẹ́rẹ́, wọ́n ń wò ó náà ni."

Abẹ́rẹ́ tẹ búláòsì náà sórí tábìlì, ó ń yọ òwú tó yọrí jáde lára òdòdó náà. Ọlọ́dà mú sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn náà kò béèrè fún un. Abẹ́rẹ́ wò ó títí.

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán," ó wí. "Kí ló ń lé yín?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi."

"Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ha ilẹ̀kùn yẹn tán, ògiri wà níbẹ̀."

Kò lè sọ fún un. Bí ó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ní jẹ́ ti òun àti ìjọba mọ́, á di ti Abẹ́rẹ́ àti ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ni yóò sì pàdánù. Ọlọ́dà sọ fún ara rẹ̀ pé ó dára kí òun fi ọgbọ́n bá Bàbá Kékeré sọ ọ́, kó má dé etí ìyàwó òun rárá. Ọkùnrin tó bá ń bẹ̀rù á máa pe ẹ̀rù rẹ̀ ní ọgbọ́n.

Ní ọjọ́bọ̀, ó gba ọ̀nà ilé Bàbá Kékeré lọ. Ó ń rìn, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ́fíìsì." Rárá, ìyẹn yá jù. "Bàbá, akọ̀wé kan ló ń béèrè yín." Rárá, ìyẹn dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń béèrè ènìyàn. Ó kọjá géètì ilé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó kàn án.

Bàbá Kékeré wà ní pálọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tó ti lọ̀ dáradára bí ẹni pé iṣẹ́ ń dúró dè é. Ìfẹ̀yìntì kò tíì yé e. Ó ti to àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ọ̀tún, ó tún ń kó wọn sí òsì.

"Ọkọ ọmọ mi! Wọlé, wọlé. Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ó ní kí n kí yín." Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ó wá. "Bàbá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé mi wá."

"Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Sọ ọ́."

"Ìwé owó ọ̀dà yẹn ni, sà."

Ojú Bàbá Kékeré tàn. "Mo gbọ́ pé wọ́n ti san án! Inú mi dùn. Ṣé o mọ̀ pé òun ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn? Mo ní mi ò ní kúrò ní ọ́fíìsì yẹn kí n má fi òǹtẹ̀ tẹ ìwé rẹ. Ìdí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn, lábẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé akápò gbé àna rẹ̀ síwájú. Mo ní kí tàwọn tó kù lọ tán ná." Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Tàwọn tó kù ọ̀hún kò tán. Bí èyí bá lọ, òmíràn á dé. Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe yìí pọ̀ jù."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Gbogbo ohun tí Ọlọ́dà tò lẹ́nu láti ilé ṣubú lulẹ̀, kò rí ọ̀kan ṣà. Ká ní ọkùnrin yìí fi ìwà burúkú ṣe é ni, ẹnu ì bá gbà á. Ìwà ọmọlúàbí ló fi ṣe é, ó sì ń retí pé kí Ọlọ́dà yin òun.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ọmọ mi ń lọ? Ẹ̀rọ ńlá yẹn ńkọ́? Nígbà tí mo kọjá lọ́jọ́sí mi ò rí i."

"Wọ́n gbé e lọ fún àtúnṣe ni, sà."

"Ẹ tètè gbà á padà o. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn, wọ́n lè jókòó lé nǹkan!" Bàbá Kékeré na ọwọ́ sí àjà ilé, níbi tí omi ti ya àwòrán aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó fẹ̀ bí àtẹ. "Èmi náà ń retí tèmi. Wọn ò tíì san owó ìfẹ̀yìntì mi. Bó bá ti dé báyìí, òrùlé yìí ni mo máa fi ṣe. Ó ń jò sórí ibùsùn ìyá yín. Aṣọ ìnura la fi ń sùn bí òjò bá ń rọ̀."

Ọlọ́dà wo àjà náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Kí ni Ọlọ́dà wá sọ?

"Ọ̀dà ògiri ìta yẹn ti ń bó, Bàbá," ó wí. "Màá wá bá yín kùn ún lọ́la. Ọ̀fẹ́ ni, sà."

Ẹni tó jáde nílé láti lọ gba gbèsè, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló rù bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ti wà lórí àkàbà kí ìyá, aya Bàbá Kékeré, tó gbálẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu lè rí àyè. Bàbá Kékeré jáde lẹ́ẹ̀mejì láti wá wò ó, ó ní àwọ̀ náà wu òun, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun Ọlọ́dà, lẹ́ẹ̀mejèèjì ló gbé e mì. Oòrùn ń gun òkè. Ó ń fi rólà gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó ń bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ọ́fíìsì ìṣúná lè sá gba ibẹ̀ kọjá. Ògiri tó yẹ kó ti parí kò tíì dé ìdajì.

Géètì dún. Abẹ́rẹ́ ni. Okùn ìwọ̀n aránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mo ti ọ́fíìsì yẹn bọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ọlọ́dà sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gbé ohùn sókè, nítorí àwọn tó wà nínú ilé, ìyẹn sì burú ju kó pariwo lọ.

"Akọ̀wé yẹn ní òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún yín láti ọjọ́rú. Ó ní kí ẹ mú ẹni tó gba ìwé wá. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni dárúkọ fún mi. Ta ló tún kù tẹ́ ẹ máa gbé ìwé fún ní pálọ̀?"

"Mi ò lè bi í, Abẹ́rẹ́. Àna mi ni. Òun ló tọ́ ọ."

"Mo mọ̀ pé òun ló tọ́ mi. Mo wà níbẹ̀."

"Inú owó òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Bí a bá sì ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn…"

"Ẹ má pa òwe fún mi lónìí. Ẹ̀rọ ta ni ẹ fi ń ṣe ọmọlúàbí?"

Ọlọ́dà yí rólà padà lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ mi ni," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Bàbá Kékeré fi ẹ̀rọ mi ṣe ẹni tí kì í ṣègbè. Ẹ̀yin náà fi ẹ̀rọ mi ṣe àna gidi. Ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún ara yín, èmi ni mo ń sọdá títì. Kò sì sí ẹni tó bi mí."

Ohun tó dun Ọlọ́dà jù ni pé kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ìtìjú mú un débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ mọ́ ibi tó mọ́ lára aṣọ rẹ̀.

"Ó yé mi pé àna kò lè béèrè," ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Ọmọ lè béèrè. Ká ní ẹ ti sọ fún mi lọ́jọ́rú ni, ǹ bá ti wá sọ́dọ̀ ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù. Ẹ wá jẹ́ kó di òní, tí mo fi máa wọlé bí agbowó-orí. Aago mélòó ni wọ́n ń ti fèrèsé yẹn?"

"Aago mẹ́rin."

Ó yọ ìwọ̀n lọ́rùn, ó ká a, ó fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọlé.

Ọlọ́dà dúró sábẹ́ fèrèsé pálọ̀, rólà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìwọ̀n wà lọ́wọ́ kejì. Ó gbọ́ ìkíni. Ó gbọ́ tí Abẹ́rẹ́ béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá. Ó gbọ́ tí ìyá jáde lọ sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà, ohùn Abẹ́rẹ́ lọlẹ̀, Ọlọ́dà kò gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Ó fẹ́ lọ sí géètì. Ó fẹ́ wọlé. Kò ṣe ìkankan.

"Ẹ ta ẹ̀rọ yẹn?" Ohùn Bàbá Kékeré ni. "Ọkọ rẹ ní ẹ gbé e lọ fún àtúnṣe."

"Irọ́ ló pa fún yín, Bàbá. Ojú yín ló ń tì í."



"Mi ò mọ̀," ni Bàbá Kékeré wí. "Gbogbo ìgbà tí ìwé yẹn fi wà lọ́dọ̀ mi, mo rò pé ẹ ń jẹun."

"A ń jẹun, Bàbá. Ẹ̀rọ la ń jẹ."

"Èló ni èlé náà?"

Abẹ́rẹ́ sọ iye rẹ̀. Ọlọ́dà di ojú.

"Òrùlé ilé yìí nìyẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀, o sì wá."

"Mo mọ̀, mo sì wá."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọlọ́dà gbọ́ ìró bàtà, ilẹ̀kùn sì ṣí. Bàbá Kékeré jáde, ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì náà dé ọrùn. Ó dúró, ó wo ògiri.

"Apá ibẹ̀ yẹn ti ń ṣàn wálẹ̀," ó wí, ó sì kọjá sí ojú títì, Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e.

Lóòótọ́ ni ọ̀dà ń ṣàn, irú èyí tí Ọlọ́dà kì í gbà fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi rólà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Àgbàlagbà náà ń yára ju àwọn méjèèjì lọ. Abẹ́rẹ́ ń gbìyànjú láti rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó máa ń fi ìṣísẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ ṣáá.

Ní ọ́fíìsì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí Bàbá Kékeré tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ṣí ilẹ̀kùn àwọn òṣìṣẹ́ fún un. Kò gba ibẹ̀. Ó lọ tò sẹ́yìn àwọn agbaṣẹ́ṣe ní fèrèsé. Àwọn yẹn rí i, wọ́n fẹ́ yà fún un, ó ní kí wọ́n dúró. Ọlọ́dà ń wo aago ara ògiri, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà níwájú ń wá ìwé nínú àpò wọn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko. Nígbà tó kàn wọ́n, akọ̀wé rí ẹni tó dúró níwájú òun, ó dìde fùú.

"Jókòó," Bàbá Kékeré wí. "Iṣẹ́ ni kí o ṣe. Bi mí léèrè."

Akọ̀wé jókòó. Ó ṣí fáìlì náà. "Sà, ta ló gba ìwé owó ọ̀dà ilé ìwòsàn?"

"Èmi ni."

"Nígbà wo, sà?"

Ó dárúkọ ọjọ́ Àìkú náà, ó dárúkọ oṣù, ó dárúkọ ọdún. Ohùn rẹ̀ ròkè tó fi jẹ́ pé gbogbo ìlà gbọ́. "Inú ilé mi ni mo ti gbà á. Mo fi sí abẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kò sí ẹni tó rán mi."

"Ẹ mọ̀ pé inú owó ìfẹ̀yìntì yín ni…"

"Ọmọ mi, ta lo rò pé ó lẹ ìwé yẹn mọ́ ògiri?"

Ó buwọ́ lù ú. Akọ̀wé náà buwọ́ lù ú, ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí Ọlọ́dà padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èlé náà á ti ṣe tán. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú ìlà. Agbaṣẹ́ṣe kan tó ga gàgàrà ti kúrò ní àyè rẹ̀, ó lọ dúró síwájú ògiri, ó ń fi ìka tọ ìwé náà lẹ́sẹẹsẹ.

Wọ́n jáde sórí àtẹ̀gùn. Bàbá Kékeré dúró, ó yíjú sí Abẹ́rẹ́.

"Ṣé ó máa tó ra irú ẹ̀rọ yẹn?"

"Ó máa tó, Bàbá."

"Ó dáa."

Ọlọ́dà tẹ orí ba. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Lọ́la ní kùtùkùtù màá wá parí ògiri yẹn."

"Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu," Bàbá Kékeré wí, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún àlejò tó kọ lù ú lọ́nà pé kò sí wàhálà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ní kí wọ́n máa rọra lọ, ilẹ̀ ń ṣú. Ilẹ̀ kò tíì ṣú rárá. Ó sọdá títì, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọlọ́dà ń wò ó lọ, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ kò sì dùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ó sì fẹ́ sáré lọ sílé. Nígbà tó yíjú padà, Abẹ́rẹ́ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Ó ti tán, Abẹ́rẹ́," ó wí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Ó ti jẹ́rìí. A máa ra ẹ̀rọ. Ṣé o rí i, kò tiẹ̀ bínú sí wa."

"Ohun tó ń pa mí lẹ́kún náà nìyẹn," ni Abẹ́rẹ́ wí láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ǹ bá mọ bí màá ṣe lọ bẹ̀ ẹ́."